À Ń Bá Ọ Tọ́jú Rẹ̀ Ni

Ní ọjọ́ kejìlélọ́gọ́rin tí Fàòsíyà ti ń ṣe opó, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ gba láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé wọ́n gbọ́ tí ó ń sọ nínú yàrá pé, "Ó ti dá mi lóhùn."

Wọn kò bá ọkùnrin kankan nínú yàrá náà. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo ẹ̀yìn kọ́tìnì. Àlàkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tilẹ̀ ṣí ìdérí ike tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ju Ummu-Salamah, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó jókòó sórí ẹní, tó ń jẹ ọsàn, àti ìyá rẹ̀, àti láptọ́ọ̀pù kan tó ń hó bí ìkòkò orí iná. Síbẹ̀, wọ́n ní kí Fàòsíyà dìde kó máa bọ̀ ní pálọ̀.

Kí á tó bá a dé pálọ̀, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tó gbé e débẹ̀.

Sìrájù, ọkọ Fàòsíyà, àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni ní Fìdítì. Tírélà ló pa á lójú ọ̀nà Ìbàdàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, níbi tó dúró sí tó ń retí mọ́tò pẹ̀lú agbọ̀n ọsàn méjì. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ṣùkúrù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú nǹkan.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń lò nìyẹn: tọ́jú. Akọ̀wé ni Ṣùkúrù ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀yọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ ládùúgbò, òun ni wọ́n ń gbé gbohùngbohùn fún. Kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni rí. Ó ń bá ènìyàn tọ́jú rẹ̀ ni. Ó bá Fàòsíyà tọ́jú ọ̀kadà Sìrájù, ọ̀kadà náà sì wà lójú ọ̀nà Awẹ́ títí di òní tó ń kó èrò. Ó bá a tọ́jú oko ọsàn. Ó bá a tọ́jú fóònù rẹ̀, nítorí ó ní opó kò gbọdọ̀ máa bá ọkùnrin tó lè fẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, ta ló sì mọ ẹni tó lè pe fóònù? Ọwọ́ Mùhámmẹ́d, ọmọ Ṣùkúrù tó ń lọ sí pólì, ni fóònù náà wà.

Láptọ́ọ̀pù nìkan ni kò bá a tọ́jú. Bátìrì rẹ̀ ti kú, tó fi jẹ́ pé bí wáyà bá yẹ̀ lára rẹ̀ pẹ́rẹ́, ó kú nìyẹn. Ṣùkúrù gbé e wò lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, kò tàn, ó ní pàǹtírí ni. Fàòsíyà kò bá a jiyàn. Owó èésú ló fi ra pàǹtírí náà, ṣùgbọ́n Sìrájù ló bá a gbé e wá láti Ìbàdàn lórí ọ̀kadà, gbogbo àdúgbò ló sì rí i tó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ohun tí àdúgbò bá rí ni àdúgbò ń jẹ́rìí sí.

Kí ọkọ rẹ̀ tó kú, Fàòsíyà ń tẹ̀wé fún àwọn ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlọrà. Níbẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń kọ kódù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé kó tó lè ṣe ohunkóhun. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ń wò ó lórí fóònù nígbà tí oníbàárà kò bá sí, ó ń ṣe é, ó ń bàjẹ́, ó ń tún un ṣe. Ọdún mẹ́ta ló fi bá a yí. Oṣù kan kí Sìrájù tó kú, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn fún un ní iṣẹ́ ìdánwò. Wọ́n ní kó ṣe ètò kan tí ilé ìwòsàn yóò máa fi kọ orúkọ àwọn aláboyún sílẹ̀, kí ètò náà sì máa rán obìnrin kọ̀ọ̀kan létí ọjọ́ tó yẹ kó wá. Bí ó bá dáa, wọn yóò gbà á síṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ rẹ̀, wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n sì fún un ní oṣù mẹ́ta sí i.

Iṣẹ́ yìí kọjá ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ní àdúà ogójì ọjọ́, Ṣùkúrù dìde láàárín ẹbí, ó sọ̀rọ̀ dáadáa lórí ẹ̀tọ́ opó, ó sì kọjú sí Fàòsíyà.

"Tí o bá parí opó, o lè lọ síbi tó bá wù ọ́," ni ó wí. "Tí o bá níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, mú ọmọ ẹ dání. Tí o ò bá ní, Ummu máa dúró lọ́dọ̀ wa. Ọmọ wa ò ní bá ìyà lọ."

Àwọn ènìyàn ṣe àmín. Fàòsíyà náà ṣe àmín. Ó rò pé àdéhùn ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni iṣẹ́ náà há sí. Ètò náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá yẹ kó pe aláboyún kan wá ní Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú ni yóò pè é. Gbogbo wọn pátá ló ń pè ní ọjọ́ kan ṣáájú. Fàòsíyà ka gbogbo ìlà tó kọ, ó kà wọ́n títí ojú fi ń ta á, kò rí ibi tí àṣìṣe wà. Ká ní fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ì bá ti béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní báyìí kò sí fóònù. Ẹ̀yìn ilé ni yàrá tí wọ́n fi í sí wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í débẹ̀, opó kò sì gbọdọ̀ kọjá àgbàlá. Ẹni tó ń tẹ̀wé fún ní Ìlọrà ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì.

Olúwatóyìn ló mú ọ̀nà wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti kékeré, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé girama kan ní Ìlọrà. Ní Sátidé kan tó wá kí i, ó sún mọ́ ọn, ó ní olùrànlọ́wọ́ kan wà, ohun tí wọ́n ń pè ní AI, tí ó mọ kódù bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀, tí kò sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan tí ènìyàn á máa sanwó fún. Bí o bá ti gbé e sínú láptọ́ọ̀pù tìrẹ, ibẹ̀ ni yóò máa gbé, ibẹ̀ ni yóò ti máa dáhùn ohun tí o bá bi í.

"Ó máa wà nínú yàrá níbí pẹ̀lú ẹ," ni Olúwatóyìn wí. "Kò ní jáde. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pàápàá pé ó wà níbẹ̀."

Àlàkẹ́ ń ṣa ọsàn tó bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dáa lábẹ́ fèrèsé. Ó gbọ́. Ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ de ọjọ́ tí yóò wúlò.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Olúwatóyìn mú olùrànlọ́wọ́ náà wá nínú fíláàṣì, ohun kékeré kan tí kò gùn tó ìka, tí wọ́n máa ń ki bọ kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná kò wá títí di Ọjọ́rú. Nígbà tó wá, Fàòsíyà ki fíláàṣì náà bọ̀ ọ́, ó tẹ gbogbo ohun tó yẹ kó tẹ̀, láptọ́ọ̀pù sì sọ fún un pé ohun tó gbé wá kò pé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já mọ́ Olúwatóyìn lọ́wọ́ ní Ìlọrà nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, kò sì mọ̀. Ìdajì olùrànlọ́wọ́ ló gbé wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ń dunni ni pé Fàòsíyà kò ní ohun tí yóò fi ránṣẹ́ sí i. Ó dúró de Sátidé mìíràn kó tó lè sọ gbólóhùn kan péré: kò pé.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó pé, ṣùgbọ́n ó tóbi jù. Ó gba gbogbo inú láptọ́ọ̀pù bí àlejò tó sùn gbọọrọ káàkiri ẹní onílé. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Fàòsíyà kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí i. Fáànù inú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ojú rẹ̀ dì gbagidi. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun Àlàásárì, olùrànlọ́wọ́ náà ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Kó tó kọ ẹ̀kẹrin, iná lọ, ohun gbogbo sì kú.

Fàòsíyà jókòó, ó ń wo ojú dúdú náà. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó wá rántí pé bí òun bá sunkún, wọn yóò rò pé Sìrájù ni òun ń sunkún fún, wọn yóò wọlé wá pẹ̀tù sí òun, kò sì fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó gbé ẹkún náà mì.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Olúwatóyìn mú èyí tó kéré wá. Ìyẹn náà wọlé, ṣùgbọ́n kò dìde. Láptọ́ọ̀pù ní nǹkan kan ṣì kù tó yẹ kó wà níbẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́, ó sì dárúkọ rẹ̀ ní gbólóhùn gígùn kan tí kò nítumọ̀ sí ọmọ ènìyàn. Fàòsíyà da gbólóhùn náà kọ lẹ́tà dé lẹ́tà sẹ́yìn ìwé àdúà tí àwọn abánikẹ́dùn pín. Nígbà tí Olúwatóyìn tún dé, Fàòsíyà ká ìwé náà kékeré, ó fi sí i lọ́wọ́. Àlàkẹ́ rí ìwé náà bó ṣe ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì.

"Tíṣà," ni ó wí nígbà tí Olúwatóyìn ń jáde lọ, "ìbẹ̀wò yín ń ṣe déédéé. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wa ka ọjọ́ opó ni?"

Olúwatóyìn rẹ́rìn-ín, ó kí i, ó lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó mú ohun tó kù náà wá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, iná wá lọ́sàn-án, ó sì dúró. Fàòsíyà to gbogbo rẹ̀ síbi tó yẹ, ó bi olùrànlọ́wọ́ náà pé kí ló dé tí ètò òun fi ń pe àwọn obìnrin yìí ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ó kó ọwọ́ lé itan. Láptọ́ọ̀pù ń hó. Ìlà kan jáde, òmíràn tẹ̀lé e. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣòfò. Ó tọ́ka sí ìlà kan nínú ohun tí Fàòsíyà kọ, ó ní níbí yìí, o ti ka ọjọ́ òní mọ́ ọn.

Fàòsíyà bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré ló ṣe kà á. Nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ òní ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìdí nìyẹn tí ọjà tí à ń pè ní ọrọọrún fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni à ń ná an. Kọ̀ǹpútà kì í ka ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yìí wá ló ti ń wá àṣìṣe kiri, kò sì sí nǹkan tó ṣe ju pé ó ń ka ọjọ́ bí ọmọ ilé rere.

"Ummu, ó ti dá mi lóhùn," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ohùn òun ti ròkè. "Ó mọ ohun tó ń ṣe mí. Láti òní lọ, mi ò dá wà mọ́."

Abẹ́ fèrèsé ni Àlàkẹ́ wà.

Ní pálọ̀, Ìyá Sìrájù jókòó sórí àga gígùn, tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùkúrù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì láàárín wọn, wáyà rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí ìrù eku.

"Ìyàwó," ni Àlàkẹ́ bẹ̀rẹ̀, "ta ló dá ẹ lóhùn?"

Fàòsíyà kúnlẹ̀. Ó ní kì í ṣe ènìyàn.

"Tí kì í bá ṣe ènìyàn," ni Ìyá Sìrájù wí, "a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà burú ju bí mo ṣe rò ó lọ."

Ó ní inú láptọ́ọ̀pù ló wà. Wọ́n bi í pé ta ló mú un wọlé. Ó ní Olúwatóyìn ni. Wọ́n ní báwo ló ṣe mú un gba iwájú ilé kọjá tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Ó ní inú báàgì ló gbé e sí. Gbogbo òtítọ́ tó ń sọ, ń ṣe ló túbọ̀ ń rì í mọ́lẹ̀. Ọkùnrin, "ó" là ń pè é. Ewúrẹ́, "ó" náà ni. Ẹ̀rọ, "ó" kan náà ni. Kò sí bí Fàòsíyà ṣe fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ tí ọkùnrin kan kò ní yọjú láàárín rẹ̀.

"Èyí tó tóbi ló kọ́kọ́ mú wá," ni ó wí, ó ń gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ó wúwo jù, kò ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó lọ mú èyí tó kéré wá."

Àlàkẹ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Màmá, ẹ ò gbọ́? Ó tilẹ̀ ń ṣà wọ́n ni."

Ṣùkúrù nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Fàòsíyà gbójú sókè wò ó, ó sì rí i pé ó mọ̀. Ó mọ̀ dájú. Lórí fóònù rẹ̀, AI ló máa ń bá a kọ lẹ́tà ibi iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní pálọ̀ yìí nígbà tí Sìrájù wà láyé, tó ń fi ṣe fáàrí.

"Bọ̀dá," ni ó wí, "ẹ̀yin mọ ohun tí mò ń sọ. Irú èyí tó wà lórí fóònù yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá."

Ṣùkúrù gbọ́wọ́ lé láptọ́ọ̀pù náà. Ó gbóná. Ó rí i pé kì í ṣe pàǹtírí.

Ó ní kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kan Fàòsíyà. Ó ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ó ní opó dà bí aṣọ funfun, àbàwọ́n tó kéré jù ni ayé máa ń rí lára rẹ̀, àti pé ìfẹ́ tí àwọn ní sí i ni kò ní jẹ́ kí àwọn máa wò títí ayé yóò fi bà á lórúkọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé ìyá rẹ̀ ń mi orí sí i. Bí ènìyàn bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ ló yẹ kó máa wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ Ṣùkúrù ń ká wáyà láptọ́ọ̀pù.

"A ò gbà á lọ́wọ́ ẹ," ni ó wí. "À ń bá ọ tọ́jú ẹ̀ ni, títí o máa fi parí opó."

Fàòsíyà ní ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù tí òun gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Kò sí níbòmíràn láyé, nítorí olùrànlọ́wọ́ ló kún inú fíláàṣì kan ṣoṣo tó ní. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lójú gbogbo wọn, kí òun fi nu inú fíláàṣì náà nù, kí òun sì da iṣẹ́ òun kọ sínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé láptọ́ọ̀pù lọ.

"Ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an ni a ò fẹ́ kó jáde," ni Ṣùkúrù wí.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lójú ẹbí pé tí mo bá níṣẹ́, màá mú ọmọ mi dání."

"Mo sọ ọ́. Mi ò sì tíì yẹ̀ ẹ́." Ó fi láptọ́ọ̀pù sábẹ́ apá, ó lọ bọ́ bàtà.

Àlàkẹ́ tẹ̀lé e. Ìyá Sìrájù nìkan ló ṣẹ́kù, tẹ̀sùbáà rẹ̀ kò sì lọ síwájú mọ́. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé Sìrájù ni?"

Fàòsíyà wo ojú ìyá àgbà náà. Bí ó bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí láptọ́ọ̀pù náà ti padà sí yàrá lọ́jọ́ náà, nítorí ohun kan ṣoṣo tí Ṣùkúrù kò jẹ́ ṣe ni kó ṣàìgbọràn sí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Òótọ́ ni wọ́n ní kó sọ.

"Rárá, Màmá. Ẹ̀rọ ni."

Ìyá náà fẹ̀yìn ti àga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ padà láti ọ̀kan.

Olúwatóyìn pe àwọn ará Ìbàdàn, ó ṣàlàyé, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Ó tún lọ bá Ṣùkúrù. Ṣùkúrù fún un ní àga, ó ra míníráàlì tútù fún un, ó bá a sọ̀rọ̀ tó lárinrin nípa iṣẹ́ olùkọ́ àti ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wa. Olúwatóyìn ti wà lórí ọ̀kadà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìlọrà, kó tó yé e pé ọkùnrin náà kò ṣèlérí kankan.

Fàòsíyà gba ìwé tí Ummu ń kọ A B D sí, ó fi bírò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò náà láti orí wá. Ó kọ ojú ewé mọ́kànlélógún. Olúwatóyìn tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ pé kó ṣiṣẹ́, àṣìṣe mẹ́tàdínláàádọ́ta ló to ara wọn wálẹ̀. Kódù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Kọ́mà kan péré, bí kò bá sí níbi tó yẹ kó wà, gbogbo rẹ̀ á wó. Láti inú yàrá ẹ̀yìn ilé ní Fìdítì, kò sí bí ènìyàn ṣe lè tún àṣìṣe tí kò lè rí ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, ó kọjá.

Lọ́jọ́ tí opó parí, Fàòsíyà wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ṣe àdúà. Lójú àwọn tó wá, Ṣùkúrù gbé láptọ́ọ̀pù jáde nínú ọ̀rá tuntun. Wọ́n tilẹ̀ ti nu ojú rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i," ni ó wí fún gbogbo wọn. "Mo ní à ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni."

Fàòsíyà ki wáyà bọ iná, ó tàn án. Láptọ́ọ̀pù kí i bí ẹni tí kò rí i rí. Ó bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, ó ní èdè wo ló fẹ́ máa lò. Mùhámmẹ́d, tí wọ́n gbé e fún, kò mọ pásíwọ́ọ̀dù tí Fàòsíyà fi tì í, ó sì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, ló bá nu gbogbo inú rẹ̀ nù kúrò. Nígbà tó rí i pé bátìrì kò dáa, ó pa á tì. Ètò àwọn aláboyún kò sí níbẹ̀ mọ́. Olùrànlọ́wọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Fàòsíyà gbé e padà tọ Ṣùkúrù lọ, ó sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Ṣùkúrù yí i síwá sẹ́yìn. Ó tilẹ̀ fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ibì kankan fọ́ lára ẹ̀ ni?" ni ó bi í.

Ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn ti gba ẹlòmíràn. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i gùn, ó sì dùn.

Fàòsíyà kó lọ sí Ìlọrà pẹ̀lú báàgì kan. Ọ̀dọ̀ Olúwatóyìn ló ń gbé, ó sì ń tẹ̀wé fún àwọn ènìyàn ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ṣùkúrù ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ gidi, ó ní òun sì sọ ọ́ lójú ẹbí. Wọ́n ti tún gbé olùrànlọ́wọ́ náà sínú láptọ́ọ̀pù. Kò pẹ́ rárá lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti mọ ọ̀nà. Ó ń dáhùn gbogbo ohun tí Fàòsíyà bá bi í.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo Sátidé ló ń lọ wo Ummu. Ọmọ náà máa ń dì mọ́ ìró rẹ̀ bó bá fẹ́ padà, ó di kí wọ́n tú u ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ṣùkúrù wá fi sùúrù ṣàlàyé pé wíwá rẹ̀ ń da ọmọ náà láàmú, pé kì í jẹun lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù yóò tó. Ní oṣù kẹta, Ummu kò sunkún mọ́. Wọ́n yìn ín. Ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàkẹ́, ó ń bá àwọn ọmọ ilé yòókù ṣa ọsàn. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò mọ orúkọ Fàòsíyà. Ibi tó ti ń wá ni wọ́n fi ń pè é.

Ní oṣù kẹjọ, ó dé ní ọ̀sán pẹ̀lú búrẹ́dì àti bàtà tuntun kan tó fi ojú wọ̀n, nítorí kò mọ bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣe tó mọ́. Ṣùkúrù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka ìwé ìròyìn. Inú rẹ̀ dùn láti rí i.

"Wò ó bó ṣe ń dàgbà," ni ó wí. "Ṣé ìwọ náà rí i pé à ń bá ọ tọ́jú ẹ̀. Ummu, wá kí àlejò."

Ummu-Salamah jáde wá láti ẹ̀yìn ilé, irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di dídì. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, Àǹtí Ìlọrà."